Aṣọ ìbora oníhùùhù tàbí àpò ìsùn: èwo ni kí ọdẹ gbé gun òkè Flat Tops ní oṣù Kẹsàn-án?

Ọmọ Ọdẹ Aurora

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ní oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ fẹ́ fi ọrun àti ọfà ṣọdẹ elk, ẹranko ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín, ní Flat Tops Wilderness, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Colorado. A ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nítòsí Trappers Lake, a ó sì fẹsẹ̀ rìn gòkè títí a ó fi dé ibi tó ga tó 3,200 mítà, níbi tí a ó ti pàgọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. A kò ní ẹṣin, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tí a bá máa lò, ẹ̀yìn wa ni yóò gbé e.

Àpò ìsùn tí mo ní nílé wúwo tó kílò 2, èyí tí a ń lò tí èmi àti àwọn ọmọ bá lọ pàgọ́ lẹ́bàá ọkọ̀. Mo ti pinnu láti pààrọ̀ rẹ̀, ohun méjì ni mo sì ń wò. Èkíní ni Western Mountaineering UltraLite, àpò ìsùn onísíìpù tó ní ìborí, tí wọ́n kọ -7°C sí lára, ìyẹn òtútù tí wọ́n ní ó lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì wúwo tó nǹkan bíi 825 gíráàmù. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní quilt, ìyẹn aṣọ ìbora oníhùùhù tí kò ní ẹ̀yìn, irú èyí tí Enlightened Equipment ń rán ní Winona, ìpínlẹ̀ Minnesota. Èyí tí wọ́n kọ -7°C sí nínú tiwọn kò ju nǹkan bíi 600 gíráàmù lọ, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àpò gan-an.

Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń fi sùn, mo sì máa ń yí kiri lóru débi pé ìyàwó mi ti fẹjọ́ mi sun ìyá mi. Ẹní fóòmù Z Lite Sol ni mo ń tẹ́ sábẹ́. Ṣé 225 gíráàmù tí mo máa dín tó ohun tí ènìyàn ń torí ẹ̀ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ láìbò ní orí òkè? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Ọdẹ Bozeman

Àbúrò mi, o kú ìmúra. Ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n ohun tí o mẹ́nu bà kẹ́yìn ni ó yẹ kí a fi ṣáájú, ìyẹn ẹní tí o ń tẹ́ sábẹ́.

Ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ kò ní ooru kankan nínú ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín fọ́nrán rẹ̀ nígbà tí ó bá wú ni ó ń dènà òtútù, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà bíi 850 sí ara ọjà wọ̀nyí: ounce kan ìhùùhù náà, ìyẹn gíráàmù 28, bí ó bá wú tán, yóò gba àyè tó lítà 14. Nígbà tí o bá wá fi gbogbo ara rẹ lé e, afẹ́fẹ́ yẹn á jáde, ìhùùhù á tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì kù díẹ̀ kí ó má wúlò fún ọ mọ́ lábẹ́ ibẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú àpò ìsùn tí o ń wò yẹn pàápàá, ẹní ni ó ń mú ẹ̀yìn rẹ móoru. Ìhùùhù tí wọ́n rán sí ẹ̀yìn àpò kàn ń bá ọ rìnrìn àjò ni. Àwọn tó ń rán quilt gé ẹ̀yìn yẹn kúrò, wọ́n yọ síìpù, wọ́n yọ ìborí, ibẹ̀ ni ìwúwo ti dín. Kì í ṣe àṣà tuntun rárá, nítorí Ray Jardine, arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin Pacific Crest Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ gígùn kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1990.

Ẹní wá ni kókó. Láti ìgbà tí ìlànà ASTM F3340 ti jáde ní 2018, ọ̀nà kan náà ni a lè fi wọn agbára àwọn ẹní láti dènà òtútù ilẹ̀, wọ́n sì ń pe ìwọ̀n náà ní R. Z Lite Sol tí o ní, R rẹ̀ jẹ́ 2.0. Therm-a-Rest, ilé-iṣẹ́ kan náà tó ṣe é, ní ẹní aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní NeoAir XLite NXT, tirẹ̀ jẹ́ 4.5, èyí tí ó jẹ́ ti ìgbà òtútù líle, XTherm NXT, jẹ́ 7.3. Bí o bá to ẹní méjì léra, o lè ro R wọn pọ̀. Ní 3,200 mítà, lórí ilẹ̀ tí omi dídì ti mú ní alẹ́, 2.0 kò tó, yálà quilt ni o bò tàbí àpò ni o wọ̀. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé XLite náà fúyẹ́ ju fóòmù rẹ lọ, nítorí nǹkan bíi 370 gíráàmù ni, nígbà tí fóòmù jẹ́ 410. Ra ẹní ná. Lẹ́yìn náà ni kí o wá bi mí léèrè aṣọ, quilt ni màá sì sọ.

Ìyá Ìbejì Boise

Ẹ káalẹ́ o. Mo gba ohun tí Bàbá Ọdẹ sọ nípa ẹní pátápátá, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àbúrò wa fi -7°C ti quilt wé -7°C ti àpò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àwọn àpò ìsùn tí wọ́n bá fi ìlànà ISO 23537 dán wò, èyí tó rọ́pò EN 13537 ti Yúróòpù ní 2016, inú yàrá òtútù ni wọ́n ń tẹ́ wọn sí, pẹ̀lú ère kan tí ó ń móoru bí ara ènìyàn, tí wọ́n wọ̀ láṣọ, tí wọ́n sì pa àpò mọ́ sínú. Nọ́ńbà méjì pàtàkì ni ó ń tibẹ̀ jáde. Ọ̀kan jẹ́ ti ìtura, wọ́n sì fi obìnrin tí ó sùn ní ìrọ̀rùn ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ìkángun, ọkùnrin tí ó ká ara rẹ̀ kò ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì máa ń tó 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nọ́ńbà tí ó gbajúmọ̀ lára àpò, ti ìkángun ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà obìnrin bíi tèmi tí ó ra àpò -7°C gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè máa gbọ̀n ní -2°C.

Ní ti quilt, ìdánwò yẹn kò tilẹ̀ bá a mu, nítorí àpò tí wọ́n pa mọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ó rán an ló máa ń sọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, láti inú ìrírí rẹ̀ àti iye ìhùùhù tí ó fi sí i. Àwọn kan ń ṣọ́ra, àwọn kan kò ṣọ́ra. Òfin tí èmi ń tẹ̀ lé ni pé tí mo bá ń ra quilt, màá ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi 5 tàbí 6 lọ sísàlẹ̀ ju òtútù tí mo ń retí. Fún àbúrò wa, tó ń wá ohun tó máa gbà á lọ́wọ́ -7°C, ìyẹn á jẹ́ -12°C, quilt náà á sì wọn nǹkan bíi 700 gíráàmù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 825 dín 700, ó ku 125. Elk akọ tó ti dàgbà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo egungun rẹ̀, ẹran rẹ̀ lè tó 90 kílò, tí ẹ ó máa rù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹran yẹn kò ní mọ̀ pé ẹ dín 125 gíráàmù. Bí ẹ bá máa yan quilt, ẹ wá ìdí mìíràn.

Akọ̀wé Ìsẹ́yìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun. Nílé níhìn-ín, ẹni tí ó ń dẹ̀gbẹ́ lóru kì í sùn tó bẹ́ẹ̀, bí oorun bá sì mú un nínú ahéré, kíjìpá kan tó fún un, ọyẹ́ ìbáà mú. Ṣé ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa lè rí ìlò kankan fún ohun tí ẹ ń wí yìí?

Adé Durango

Ọ̀gá Akọ̀wé, ẹ fi kíjìpá yín sílẹ̀ bó ṣe wà, ó dára jù. Ìhùùhù kò fẹ́ òógùn, kò sì fẹ́ ọ̀rinrin tó wà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá wọ inú àpò -7°C ní Ìsẹ́yìn yóò se ara rẹ̀ jinná kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí ẹ náwó lé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin yìí gan-an ni mo fẹ́ bá Ọmọ Ọdẹ Aurora sọ, nítorí kò sí ẹni tí ó tíì kàn án. Orí òkè San Juan, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Colorado, ni èmi ti ń ṣọdẹ, òjò ìrọ̀lẹ́ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje sì lè bá wa wọ oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọdẹ ló ń lo àgọ́ onípele kan tí kò ní ilẹ̀, nítorí pé ó fúyẹ́. Bí ènìyàn méjì bá sùn sínú rẹ̀, èémí wọn yóò di omi sára àgọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹ̀kán omi náà yóò sì máa kán sílẹ̀ nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá mi àgọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ wà ló máa ń tutù jù, nítorí ẹsẹ̀ ló máa ń kan ara àgọ́.

Ìhùùhù tí ó bá tutù á lẹ̀ mọ́ra, kò ní wú mọ́, ooru á sì lọ. Èyí tí wọ́n fi oògùn tó ń lé omi pa lára máa ń pẹ́ kí ó tó tutù, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò ní tutù. Òwú àtọwọ́dá bíi Climashield Apex máa ń fara da omi jù, ó sì dín lówó; àmọ́ quilt tí wọ́n fi ṣe fún òtútù kan náà á sún mọ́ kílò 1, ó máa ń gba àyè púpọ̀ nínú àpò ẹ̀yìn, àti pé bí o bá ti ń dì í tí o ń tú u lọ́dọọdún ni ìwú rẹ̀ ń dín kù. Èmi ṣì ń lo ìhùùhù. Mo kàn máa ń da ẹ̀wù òjò mi bo ibi ẹsẹ̀ lóru ni, ní ọ̀sán, nígbà tí elk bá ti wọ inú igbó lọ sinmi, màá tẹ́ quilt sórí igi kékeré nínú oòrùn fún wákàtí kan. Ìyẹn tún jẹ́ ohun tí quilt fi dára ju àpò lọ: ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ, oòrùn ń dé ibi gbogbo, nígbà tí àpò máa ń tutù sí inú níbi ẹsẹ̀ tí o kò lè yí síta tán.

Ọmọ Ọdẹ Aurora

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti rí i pé ẹní ni mo máa kọ́kọ́ rà, mo sì ti fara mọ́ -12°C bí ó bá jẹ́ quilt. Ohun mẹ́ta ló ṣì ń rú mi lójú. Àkọ́kọ́, mo máa ń yí púpọ̀. Ṣé afẹ́fẹ́ òtútù kò ní máa yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ nígbà gbogbo? Èkejì, níwọ̀n ìgbà tí quilt kò ní ìborí, báwo ni mo ṣe máa ṣe orí? Ẹ̀kẹta, àwọn aṣọ tí mo fi gun òkè, tí òógùn ti mú, ṣé kí n wọ̀ wọ́n sùn kí wọ́n lè gbẹ, àbí kí n bọ́ wọn? Ọ̀rẹ́ mi sọ pé ooru ara ló ń gbẹ ẹ, mi ò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Bàbá Ọdẹ Bozeman

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun fún ìṣirò yẹn, ó tọ́. Mo gbà pé ìwúwo nìkan kò tó ìdí. Ìdí tèmi wà nínú ìdáhùn sí ohun mẹ́ta tí àbúrò yìí béèrè.

Ní ti yíyí: quilt tó dára máa ń bá okùn rírọ̀ méjì wá, tí wọ́n ń gba abẹ́ ẹní kọjá. Ọ̀kan wà ní ọ̀kánkán àyà, èkejì ní ọ̀kánkán ìbàdí, etí quilt méjèèjì sì ń kọ́ mọ́ wọn. Di ti àyà kí ó le díẹ̀, kí o jẹ́ kí ti ìbàdí dẹ̀ kí orúnkún lè ráyè ká. Bí o bá dùbúlẹ̀ tán, fi ọwọ́ wá etí quilt ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ó gbọ́dọ̀ ti wọ abẹ́ rẹ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ká tó sọ pé ó fẹ̀ tó. Ìwọ tí o ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, má ra èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ rárá. Èyí tí ìbú rẹ̀ tó 147 sẹ̀ǹtímítà ni kí o wá, díẹ̀ ni yóò fi wúwo. Nígbà tí okùn bá ti dì í mọ́ ẹní, ìwọ á máa yí nínú rẹ̀, òun kò ní tẹ̀ lé ọ. Inú àpò ìsùn olórí ṣóńṣó ńkọ́? Bí o bá yí, gbogbo àpò ni ó ń bá ọ yí, ìborí á wá bo imú rẹ, o ó sì máa mí sínú ìhùùhù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀rinrin èémí yẹn kì í ṣe kékeré.

Ní ti orí: ìwọ tí o ń lọ ṣọdẹ elk kò lè ṣe kí o máà gbé ẹ̀wù oníhùùhù tó ní filà dání, nítorí o ó jókòó lórí òkè ní àfẹ̀mọ́júmọ́, o ó máa fi awò wo àfonífojì kejì. Wọ̀ ọ́ sùn, tàbí kí o de filà rẹ̀ nìkan. Ibi tí àpò ìsùn ti ń ná ọ ní ìlọ́po nìyẹn, nítorí ìborí méjì ni o ń gbé. Ṣòkòtò olówùú tí o fi ń jókòó tún wà níbẹ̀. Quilt máa ń gba gbogbo wọn wọlé láìfún wọn pa, èyí tí àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè ṣe, nítorí bí ẹ̀wù nínú bá wú, ara àpò á tẹ̀ ẹ́ padà.

Ní ti aṣọ òógùn: bọ́ ọ o. Òótọ́ ni pé ooru ara ń gbẹ ẹ, ṣùgbọ́n bi ọ̀rẹ́ rẹ pé níbo ni omi inú rẹ̀ ń lọ. Inú ìhùùhù ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóru kan, kò burú. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, quilt rẹ á ti pàdánù ìwú púpọ̀. Gbé ẹ̀wù àwọ̀sùn kan tó gbẹ, èyí tí o kò ní fi rìn láé. Ẹ̀wù tó tutù díẹ̀ lè wà lára rẹ fún wákàtí kan nígbà tí o ń se oúnjẹ, kí ó ti gbẹ díẹ̀ kí o tó wọlé sùn.

Ohun kan tún kù. Ibi tí a bá pàgọ́ sí lè ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ. Òtútù alẹ́ máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, ó ń kóra jọ sí etí odò àti inú pápá kòtò. Gòkè díẹ̀ kúrò níbẹ̀, wá ibi tó tẹ́jú lábẹ́ igi, o ó rí ìyàtọ̀ láìná kọ́bọ̀.

Kọ́lá Fairbanks

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì fẹ́ gbè sẹ́yìn àpò ìsùn, kí ó má baà dà bí ẹni pé gbogbo ọdẹ ló ti jù ú nù.

Alaska ni mo wà. Nígbà tí a bá lọ ṣọdẹ caribou, ẹranko mìíràn tó jọ àgbọ̀nrín, ní etí ọ̀nà ọkọ̀ Dalton Highway, òfin ibẹ̀ ni pé ọrun àti ọfà nìkan ni a lè lò láàárín máìlì 5 sí ọ̀nà náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ìbọn gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rin máìlì 5 náà kọjá, lórí ilẹ̀ tí ó kún fún òkìtì koríko tí ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ó tó lè yìnbọn, lẹ́yìn náà kí ó ru ẹran padà. Bí ẹnìkan bá wà tí ìwúwo ń dùn lára, àwa náà ni. Síbẹ̀ àpò ni mò ń gbé.

Ìdí rẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Ní àríwá Brooks Range, àwọn òkè tó wà ní àríwá Alaska, kò sí igi kankan tí ènìyàn lè fi ara pamọ́ sí. Afẹ́fẹ́ máa ń gba abẹ́ àgọ́ wọlé ní gbogbo òru, quilt tí okùn dì mọ́ ẹní yóò sì máa sí díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé orúnkún sókè. Okùn kò lè ṣe iṣẹ́ síìpù. Bí Bàbá Ọdẹ bá ní Montana tàbí Colorado ní igi tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró, tí ó sì ní àgọ́ tí ó délẹ̀, quilt á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sùn lábẹ́ tapólì lásán lórí òkè tí igi kò hù, tàbí ẹni tí ń lọ ní ìparí oṣù Kẹwàá fún ọdẹ oníbọn nígbà tí òjò dídì ti bo ilẹ̀, kí ó má tan ara rẹ̀ jẹ. Pẹ̀lú àpò, bí mo bá ti pa síìpù tí mo sì fa okùn ọrùn, mi ò ní ohun mìíràn tí mo ń tún ṣe lóru. Ara tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú fún òtútù, kò ní sùúrù fún ìkọ́ kéékèèké nínú òkùnkùn.

Mo tún fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ẹní: orí ọfà ọdẹ mú bí abẹ. Ẹní aláfẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, tí ó bá jò ní 3,200 mítà, ti sọ quilt àti àpò di ẹgbẹ́. Gbé ohun àlẹ̀mọ́ dání, kí o sì gé ìlàjì fóòmù àtijọ́ yẹn láti ọrùn dé ìdí, kí o tẹ́ ẹ sábẹ́ aláfẹ́fẹ́. Ní ọ̀sán, o tún lè jókòó lé e nígbà tí o bá ń wo ẹran.

Ìyá Ìbejì Boise

Kọ́lá, o wí ire. Èmi pàápàá, quilt ni mo ń lò ní oṣù Kẹsàn-án, àpò ni mo ń gbé ní oṣù Kẹwàá, mi ò sì rò pé ọ̀kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì dáadáa. Àmọ́ ẹni tí kò ní owó ohun méjì lè ra quilt -12°C nísinsìnyí, kí ó wá fi quilt òwú àtọwọ́dá fẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e lórí nígbà tí òtútù bá le sí i. Ti òwú ni kí ó wà lókè o, nítorí pé òkè ni ọ̀rinrin ara ti ń pàdé òtútù tí ó sì ń di omi, kí omi náà lè wà nínú òwú, kí ìhùùhù ìsàlẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ti òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ó má baà tẹ ìhùùhù mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ Aurora

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Igi spruce pọ̀ níbi tí a ń lọ, àgọ́ wa sì ní ìpele méjì àti ilẹ̀, nítorí náà quilt oníbùú 147 ti -12°C ni mo máa rà, pẹ̀lú XLite NXT, màá sì gé fóòmù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ṣe wí. Àpò UltraLite á dúró di ìgbà tí mo bá gba ìwé àṣẹ ọdẹ oníbọn. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn ni èyí: mo ga tó 183 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n ní gígùn tó dúró sí 183 àti èyí tó dé 198. Èwo ni kí n mú? Báwo ni mo sì ṣe máa tọ́jú rẹ̀ láàárín ọdún?

Adé Durango

Mú èyí tó gùn. Bí o bá na ẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ ìhùùhù ìsàlẹ̀, ó sì yẹ kí etí òkè rẹ̀ lè dé àgbọ̀n rẹ pẹ̀lú àṣẹ́kù tí o máa ká mọ́ ọrùn. Quilt tí ó bá kúrú, èjìká ni yóò máa fi sílẹ̀ nígbàkígbà tí o bá ká ẹsẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, má ṣe fi í sínú àpò kékeré tí wọ́n fi ń dì í títí ọdún mìíràn, nítorí ìhùùhù tí a bá tẹ̀ pẹ́ kì í wú tán mọ́. Gbé e kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí kí o fi sínú àpò òwú ńlá kan tó ń mí. Bí ó bá dọ̀tí, ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ìhùùhù ni kí o fi fọ̀ ọ́, ọṣẹ ìfọṣọ lásán máa ń bọ́ ọ̀rá ara ìhùùhù kúrò. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n ń ti aṣọ sí láti iwájú, tí kò ní òpó láàárín, ni kí o lò. Lẹ́yìn náà, gbẹ ẹ nínú ẹ̀rọ lórí ooru tó kéré jù, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ tí yóò máa lu ìhùùhù tó dì pọ̀ títí yóò fi tú. Ó lè gba wákàtí púpọ̀. Bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, tí o ṣì ń rí èyí tó dì bí kóró, kò tíì gbẹ.

Ní orí òkè, má fi ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹran wà fà á o. Béárì dúdú pọ̀ ní Flat Tops, kò sì yẹ kí aṣọ tí o ń bò sùn máa rùn bí elk. Gbé ẹran kọ́ sí ibi tó jìnnà sí àgọ́, fọ ọwọ́ rẹ dé ìgbọ̀nwọ́, kí o bọ́ ṣòkòtò tí o fi kun ẹran síta, kí o tó wọlé.